Àbẹ̀kẹ́, Gbé Fóònù Yẹn Sílẹ̀

Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí o fa àpótí yẹn súnmọ́ mi. Rárá, wá síbi tí mo ti lè máa rí ojú rẹ, kí n sì lè máa wo ìkòkò ẹ̀wà mi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí o ti dé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mo ń ka gbogbo ibi tí ò ń lọ, mi ò kàn sọ̀rọ̀ ni. Etíkun ní Lẹ́kkí. Ilé ìtajà ńlá. Etíkun míì. Ilé oúnjẹ tí àwo ìrẹsì kan ti gba owó tí mo fi ń jẹun ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, o tún padà sí etíkun àkọ́kọ́. Alẹ́ àná lo wá dúró sójú kan náà yìí, o ní, "Àǹtí, Èkó ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ ní ibi téèyàn ń lọ wò." Mi ò fèsì. Mo rẹ ẹ̀wà sómi, mo lọ sùn. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, jẹ́ kí n fèsì.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ìwọ tí o máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Peckham lọ wo ilé ọnà lọ́jọ́ Sátidé! Ìwọ lo fi àwòrán orí Ifẹ̀ tó wà ní British Museum ránṣẹ́ sí mi, tí o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe rẹwà tó." Ó rẹwà lóòótọ́. Àwọn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ mìíràn wà ní ilé ọnà Oníkàn níbí, àti ti Benin, àti ti Nok tó ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, o ò sì tíì yà kí wọn rí. Ẹ̀bi bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Àbúrò mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, mo lè bá a wí bó ṣe wù mí. Ọmọ Pópó Àgùdà pọ́ńbélé! Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa nígbà náà dé Ìta Campos, oúnjẹ orí iná ò ní jóná kí o tó lọ kí o sì tó bọ̀. Ó wá tọ́ ọmọ dàgbà sókè òkun, ọmọ ń bi mí pé kí ló ń jẹ́ Àgùdà.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn tún wá ọ̀nà padà sílé, àwọn ni Àgùdà. Bahia ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wọn dìtẹ̀ mọ́ àwọn tó kó wọn sínú oko ẹrú. Malê ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn náà níbẹ̀ títí dòní. Ìmàle ni ọ̀rọ̀ yẹn, láti ẹnu tiwa ló ti bọ́ sí ti àwọn ará Brazil. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere, ìjọba wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ti di òmìnira jáde. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òkun bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òmíràn nínú wọn fi owó tó fi òógùn ara rẹ̀ kó jọ san owó ọkọ̀. Wọ́n bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ, alásè. Da Silva, Pereira, Cardoso, Salvador, Pedro, orúkọ tí ò ń rí lára ògiri yẹn nìyẹn, tí o rò pé òyìnbó ló ni wọ́n. Ọmọ ilé ni wọ́n. A wà lára wọn.

Sún ìkòkò yẹn díẹ̀ fún mi, iná ti ń pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa jáde nílé. Wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí o sì fi gíláàsì ojú yẹn sílẹ̀, mo fẹ́ kí o ríran. A óò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2. Láti 2023 ló ti ń rìn, mo sì ń gbádùn rẹ̀ bí ọmọdé. Yóò gbé wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tó dà bíi fìlà sójà yẹn, èyí tí wọ́n kọ́ de àjọ̀dún àṣà FESTAC 1977, lẹ́yìn náà yóò gun orí omi lọ sí Marina. Bó bá dé orí omi yẹn, má yọ fóònù. Ojú fèrèsé ni kí o wà. Apá ibẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà wọlé ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n yìnbọn lu Ìsàlẹ̀ Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú pátápátá. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá padà láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n fún wọn nílẹ̀ láti tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ló ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. O gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Àìkú, o ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta súyà.

A óò kọ́kọ́ kí Olúwa ní Káthídírà ti Marina. Mi ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìpìlẹ̀ ilé yẹn lélẹ̀ ní 1925, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó, Bagan Benjamin, ló ya àwòrán rẹ̀, 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò níbẹ̀ ni ìrántí Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ni baba Bíbélì Yorùbá tí ìyá àgbà rẹ fi ń sunkún lálẹ́. Ní itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Wọ́n ti palẹ̀ itẹ́ náà mọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tàwọn tó sùn síbẹ̀ tòkúta orí wọn. Mo ti dàgbà tó láti rántí ibẹ̀, a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ìwé, a ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí a bá débẹ̀.

Láti ibẹ̀, Kakawa ò jìnnà. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀. Nọ́ńbà 12. Ilé Omi nìyẹn. João Esan da Rocha ló kọ́ ọ, Ìjẹ̀ṣà ni, kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sí Bahia. Ó rí òmìnira gbà, ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀, ó sì kó wọn bọ̀ wálé. Kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé Èkó, omi mímu tó mọ́ ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù yìí, nítorí iyọ̀ ti bá omi ilẹ̀ jẹ́. Da Rocha gbẹ́ kànga tó bá omi dídùn pàdé, ará ìlú sì ń gbé korobá wá rà á. Ìwọ náà rò ó wò. Ẹni tí wọ́n gbé gba orí omi lọ tà, ó padà wá, ó ń ta omi fún ìlú tí wọ́n ti kó o lọ. Òǹkọ̀wé ará Brazil kan, Antonio Olinto, fi ilé yẹn ṣe ìwé ìtàn àròsọ ní 1969. Àwọn tó wà lókè òkun ti kà á tán, àwọn ọmọ tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ kò mọ̀ pé ilé kan wà níbẹ̀. Ọmọ Da Rocha, Candido, ló wá lówó débi pé, bí a bá ní kí ìyá mi ra bàtà méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan, yóò ní, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?"

Bí a bá dé iwájú ilé yẹn, gbé orí sókè. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣìṣe nìyẹn, ẹ̀yin kì í gbé orí sókè ní Èkó, nítorí ọkọ̀ àti gọ́tà. Òkè ni iṣẹ́ àwọn Àgùdà wà. Wo orí fèrèsé bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sí i lórí, ewé kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, àfi bí ẹni pé àná ni bíríkìlà náà fi ṣíbí kékeré fà á jáde. Ìwọ gbé ọwọ́ lé ògiri, wàá rí bó ṣe tutù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, nítorí ó nípọn. Nínú ilé wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló máa ń là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, afẹ́fẹ́ á wọ ibí, á jáde lọ́hùn-ún. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀ nígbà náà, a kò sì kú.

Ní Ìta Tinúbú, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé obìnrin ló ni orúkọ yẹn. Ẹfúnróyè Tinúbú, olówò tí ọba ń gbọ́ tirẹ̀, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òyìnbó débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó sì lọ di gbajúmọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n lójú mi, ibẹ̀ ti di ibi ọ̀fọ̀. Wàá rí i pé mo máa dákẹ́ bí a bá débẹ̀, má bi mí ní nǹkan kan lójú ẹsẹ̀.

Ilé kan wà níbẹ̀, Ilọ́jọ̀ Bar là ń pè é. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ni ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó dojú kọ ìta gbangba, pẹ̀lú irin ọlọ́nà lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Lábẹ́ ilé yẹn ni bàbá mi ti máa ń ra ọtí dídùn fún wa lọ́jọ́ ọdún. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ó ku ọ̀la Iléyá, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, tí ọ́fíìsì kankan ò ṣí! Mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ń fi bàtà tú àárín òkúta, mo sì rí ẹ̀là igi fèrèsé kan, àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo mú un wálé. Òun ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, tí o bi mí lọ́jọ́ tí o dé pé kí ni mò ń fi igi ìdáná ṣe nínú pálọ̀.

Ìdí tí inú fi ń bí mi sí ọ nìyẹn, ọmọ mi. O rò pé Èkó máa dúró dè ọ́. O rò pé o lè lọ sí etíkun lọ́dún yìí, kí o wá wo Kakawa lọ́dún mìíràn. Etíkun wo? Bar Beach tí a lọ jó lọ́jọ́ Kérésì nígbà èwe wa, òkun ti mú un, wọ́n sì ti da yanrìn sórí òkun yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn Àgùdà ń dín kù. Bí ilé tí o kò tíì rí bá wó, kí lo máa sọ pé ó sọnù lọ́wọ́ rẹ?

Ó dáa, jẹ́ kí n mí díẹ̀. Fún mi lómi.

Lẹ́yìn Tinúbú, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, Olówó Pupa, ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, 4 oṣù Keje 1894, Gómìnà òyìnbó wà ní ìjókòó, aṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì sì wá pẹ̀lú oyè Bey lọ́wọ́. Ta ló kọ́ mọ́ṣáláṣí náà? João Baptista da Costa. Àgùdà ni. Ọwọ́ Àgùdà náà ló sì wà lára ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́, kí wọ́n tó wá kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ lónìí. Ìdí nìyẹn tí ojú mọ́ṣáláṣí yẹn fi dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, táìsì aláwọ̀ mèremère ló wà lára rẹ̀. Nínú ìdílé wa pàápàá, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Fi gèlè bo orí bí a bá débẹ̀, kí o sì kí àwọn bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kí o tó béèrè ohunkóhun. Kúnlẹ̀ dáadáa. Bí o bá kúnlẹ̀, wọ́n á sọ ìtàn fún ọ ju èyí tí mo mọ̀ lọ.

Àárín èrò Ìdúmọ̀tà la máa gbà lọ sí Ìgá Ìdúngànràn. Di báàgì rẹ mú síwájú. Oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ ààfin yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ Ọlọ́fin ni Arómirẹ́. Láyé Ọba Akínṣemọ́yìn ni àwọn Potogí wá bá ọba tún un kọ́, tí wọ́n kó táìsì wá láti ìlú wọn. Ata ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, ó di ilé ọba, ìyẹn ni mo fi máa ń sọ pé kò sí ilẹ̀ kékeré ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ọba ni eégún Ẹ̀yọ̀ ti ń wá júbà. O ò tíì rí Ẹ̀yọ̀ rí, àbí? Ní 1854 ni wọ́n ṣe èyí tí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ wà nípa rẹ̀, ní ìrántí Ọba Akítóyè. Adímú ló ń ṣíwájú, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú, Làbà pupa, Oníko pupa rúsúrúsú, Ológèdè àwọ̀ ewé, Àgẹ̀rẹ̀ àwọ̀ elésè àlùkò. Funfun ni agbádá gbogbo wọn, ó ń gbálẹ̀, ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ọdọọdún ni, nítorí náà ẹni tó bá bọ́ sí i, kó dúpẹ́. Ní 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, mo dúró láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Bó bá jẹ́ pé Ẹ̀yọ̀ ló ń jáde lọ́la, irun ṣùkú tó wà lórí rẹ yẹn ìbá ti di títú lálẹ́ òní. Wọn ò fẹ́ ṣùkú, wọn ò fẹ́ bàtà lẹ́sẹ̀, wọn ò fẹ́ sìgá. Mo ti rí ọkùnrin kan tó gbé bàtà sábẹ́ apá, tó ń sáré bí ọmọdé.

Bí oòrùn bá ti mú, a óò yí padà sí Campos, kí a lọ sinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Ó ṣì ń gbé nínú ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Yóò bá ọ sọ nípa Kàréétà, egúngún àwọn Àgùdà tó ń jáde nígbà Ọdún Àjíǹde, tí a máa ń sá fún, tí a tún máa ń sá tẹ̀lé. Má fi tipátipá ya àwòrán ọ̀rẹ́ mi náà. Ìbéèrè ni kí o mú lọ.

Ibi méjì tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn, ẹsẹ̀ rẹ yóò ti máa dùn ọ́. Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni tẹ́lẹ̀. Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà wọ ibẹ̀. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà, ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n fi ìlà yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ síbẹ̀. Dúró sínú ọ̀kan, na apá rẹ méjèèjì, wàá mọ bó ṣe fún tó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró sí báyìí. Mo ti jó níbẹ̀ rí, mo sì kọ́kọ́ gbàdúrà kí n tó jó.

Láti ibẹ̀, Oníkàn. Wọ inú ilé ọnà tó ti wà níbẹ̀ láti 1957, wo mọ́tò Murtala Muhammed, Mercedes dúdú tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ní oṣù Kejì 1976. Ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni ilé àṣà Yorùbá tuntun tí wọ́n fi orúkọ Dókítà John Randle pè. Mọ ìdí tó fi jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò gbà láti ṣe odò ìwẹ̀ fún àwa dúdú, àwọn ọmọ wa sì ń bómi lọ nínú ọ̀sà, ni Randle bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìwẹ̀ ní 1928, kí ọmọ Èkó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ti tún odò náà ṣe. Nínú ilé yẹn, Yorùbá ló ṣáájú lára ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo dúró, mo ka ògiri kan láti òkè délẹ̀ láìbọ́ gíláàsì, mi ò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìwọ náà máa kà á sókè fún mi. Bí o bá ṣi àmì ohùn kà, màá tún un ṣe fún ọ, kò sí ẹni tó máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wà ti rọ̀. Wá wò ó, fi ọwọ́ tẹ ẹyọ kan, ó yẹ kó fọ́ bí ata rírọ̀. Frejon ni mò ń sè fún ọ. Ọjọ́ Ẹtì Rere la máa ń jẹ ẹ́, gbogbo Pópó Àgùdà á máa ta sánsán àgbọn láti ìdájí, ẹni tó sè á bu fún ẹni tí kò sè, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Kò yẹ kí n sè é nírú àsìkò yìí, ṣùgbọ́n o ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, o ò tíì tọ́ ọ wò rí, mi ò lè dúró di Àjíǹde nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú rẹ ń gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. A óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ, a óò wá da wàrà àgbọn sí i lórí iná, pẹ̀lú kànáfùrù díẹ̀. Bí a bá ń rò ó, ọ̀nà kan ni ọwọ́ ń yí sí, kí ó má baà di kókó. Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi, ẹni tí ìyá tirẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é ní Bahia. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata la ó fi jẹ ẹ́, gààrí sì wà fún ẹni tó bá fẹ́.

Gba abọ́ yìí. Àgbọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo ti fọ́ wọn. Máa ha á lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ra fún ìka rẹ, àti èékánná gígùn yẹn. Fóònù yẹn ti ń ké, má dá a lóhùn. Bí o bá ti ha ìkínní tán, pè mí, kí n fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà rẹ̀.